Oṣù mẹ́ta lórí oògùn táírọ́ìdì: kílò mẹ́rin ti lọ, méje ṣì jókòó

Olùkọ́_Ìkéré (Ọjọ́ Àìkú, aago 7:40 alẹ́)

Mo kí gbogbo ilé, mo kí àgbà, mo kí èwe. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkéré-Èkìtì, ọmọ ọdún 43 ni mí, ọmọ mẹ́ta sì ni mo bí. Láàárín ọdún méjì, mo kúrò ní kílò 71, mo di kílò 82, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí i pé oúnjẹ mi pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó oṣù ló ń hàn lára mi. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, títí òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, ní àkókò tí àwọn olùkọ́ yòókù ń fi ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ fẹ́ ara wọn. Awọ ẹsẹ̀ mi gbẹ bí èèpo iṣu. Ìgbọ̀nsẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ohùn mi há débi pé ọmọ kan ní kíláàsì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lọ sí ìsọjí mọ́jú ọjọ́ náà. Òrùka ìgbéyàwó mi kò bọ́ mọ́. Ọṣẹ ni mo fi yọ ọ́ níjọ́ kan, ìka náà sì dùn mí fún ọjọ́ méjì.

Dókítà tí mo lọ rí kò tíì gba ẹ̀jẹ̀ lára mi tí ó fi ní kí n kúnlẹ̀ sórí àga kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó fi òòlù rọ́bà kékeré kan lu iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ náà yára fò, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń padà sí ipò rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí sípíríǹgì rẹ̀ ti gbó. Ó mi orí, ó sì kọ̀wé àyẹ̀wò fún mi. Nígbà tí èsì jáde, TSH mi, iye tí wọ́n fi ń mọ bí táírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, jẹ́ 18.6, bẹ́ẹ̀ sì ni láàbù kọ 0.4 sí 4.0 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó yẹ. Wọ́n ní ẹṣẹ́ táírọ́ìdì mi, ẹ̀yà ara kékeré kan ní iwájú ọrùn, kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn táírọ́ìdì tí ń jẹ́ levothyroxine fún mi ní máíkírógíráàmù 50, wọ́n sì sọ ọ́ di 100 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní báyìí, oṣù mẹ́ta ti pé. TSH mi ti wálẹ̀ sí 3.1. Òtútù ti lọ, ohùn ti padà, inú mi sì ń ṣiṣẹ́ déédéé. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ka kílò 78. Bí ó bá jẹ́ pé táírọ́ìdì ló kó kílò 11 jọ sí mi lára, tí a sì ti tún un ṣe, kí ló dé tí ó fi jẹ́ mẹ́rin péré ló lọ? Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìlọrin ní kí n máa lo méjì lóòjọ́ kí ó lè yá. N kò tíì dán an wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ kí ó là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá_Ìkọ̀lé (aago 8:25 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú ìnira. Ọ̀rọ̀ àgbà ni mo fẹ́ sọ, n kì í ṣe dókítà. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa, mo mọ obìnrin mẹ́rin tó ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, táírọ́ìdì tí ẹ ń wí yìí náà ni wọ́n sì ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sanra. Wọ́n ń ru igi, wọ́n ń pọn omi. Iyán alẹ́ ni kí o yẹ̀ wò. Iyán tí a jẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí a sì wọlé sùn lé lórí, kò dúró de táírọ́ìdì kí ó tó di ikùn. Má bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó (aago 9:50 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, Bàbá. Tíṣà, ẹ kú ara líle. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè yìí ní wọ́ọ̀dù.

Bàbá, gẹ̀gẹ̀ ni kí ẹṣẹ́ náà wú. Ohun tó ṣe Tíṣà ni pé họ́mọ́ònù, ìyẹn èròjà tí ẹṣẹ́ náà ń tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, dín kù. Àwọn méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan, wọ́n sì lè má pàdé rárá. Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ lè ní họ́mọ́ònù tó pé, ó tilẹ̀ lè ní èyí tó pọ̀ jù, tí yóò máa rù tí yóò sì máa làágùn. Nítorí náà, a kò lè fi àwọn ìyá tí ẹ rí nígbà náà ṣe ẹ̀rí fún ti Tíṣà tàbí lòdì sí i.

Iwájú ọrùn ni ẹṣẹ́ yìí wà, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò. Ó ní apá méjì bíi ti labalábá tó bà sórí ọ̀nà èémí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 20 lọ lára àgbàlagbà. Họ́mọ́ònù méjì ló ń ṣe: T4, tí ó ní áyódíìnì mẹ́rin lára, àti T3, tí ó ní mẹ́ta. T4 ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń tú jáde. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ló ń yọ áyódíìnì kan kúrò lára rẹ̀ kí ó tó di T3, T3 yìí ló sì ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ láti sọ bí iná yóò ṣe jó tó nínú rẹ̀. TSH kì í ti ọrùn wá rárá. Ẹṣẹ́ kékeré kan tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ ló ń rán an níṣẹ́ sí táírọ́ìdì pé kí ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí táírọ́ìdì kò bá dáhùn, ìyẹn á máa pariwo sí i. Ìdí nìyí tí iye TSH fi ga nígbà tí táírọ́ìdì rọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kà á sódì.

Bí T3 bá kéré, iná lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀, ìfun á máa wọ́ bí ìgbín, iṣan á pẹ́ kí ó tó dẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti sún (ohun tí òòlù rọ́bà dókítà yín ń wá nìyẹn), òtútù á sì máa mú ènìyàn lójú oòrùn. Láti ọdún 1895 ni Adolf Magnus-Levy ní Jámánì ti wọn afẹ́fẹ́ tí irú aláìsàn báyìí ń lò nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí ó rí i pé ó kéré, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá fún wọn ní oògùn tí a fi ẹṣẹ́ ẹran ṣe. Lára ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ gan-an, agbára tí ara ń ná nígbà ìsinmi lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù.

Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣì í gbọ́. A ó ní: iná ti lọ sílẹ̀, oúnjẹ kò jó mọ́, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀rá. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wu ènìyàn jẹ mọ́, nítorí náà ọ̀rá tó ń wọlé kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ohun tó ń wọlé ni iyọ̀ àti omi. Èròjà kan wà lábẹ́ awọ tó máa ń kó jọ bí họ́mọ́ònù bá dín, ó sì ń fa omi mọ́ra bí gàrí ṣe ń fa omi nínú ife: ẹ ó da omi lé e, ẹ ó yíjú padà, ife ti kún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò rí omi kan tó ń ṣàn. Ìdí nìyí tí ojú fi ń wú láàárọ̀, tí ohùn ń há (nítorí tán-án-ná náà wú), tí òrùka sì ń di mọ́ ìka. Ẹgbẹ́ táírọ́ìdì ti Amẹ́ríkà, ìyẹn American Thyroid Association, sọ pé kílò bíi méjì sí márùn-ún ni ìwọ̀n tí a lè ká mọ́ àìlágbára táírọ́ìdì lọ́wọ́, ní ìbámu pẹ̀lú bó ṣe le tó. Ní ọdún 2011, àwọn olùṣèwádìí ní Denmark wọn ara àwọn aláìsàn kí wọ́n tó gba ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀. Kílò wọn dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Omi ló lọ.

Tíṣà, kílò mẹ́rin tí ẹ pàdánù yẹn ni táírọ́ìdì yín gbé wá. Oògùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Òrùka yín ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó dé ibi tí ẹ kọ TSH sí.

Olùkọ́_Ìkéré (aago 10:15 alẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ gàrí yẹn mú mi rántí ohun kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi mọ́lẹ̀ títí mo fi fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ kúrò, kò sí kòtò níbẹ̀, awọ náà tẹ́jú padà lójú ẹsẹ̀ bíi fóòmù. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ pé "ẹ rí i pé kò wọnú." N kò mọ ohun tó ń wí nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, inú mi kò dùn tó bí ó ṣe yẹ. Mo ti fi ọkàn sí i pé gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó (aago 10:22 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ti ọkàn tàbí kíndìnrín, ihò ìka ì bá wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Omi tí gàrí ti mu kò ṣeé tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ kú ìrẹ̀wẹ̀sì, Tíṣà, ẹ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Apòògùn_Ajílosùn (Ọjọ́ Ajé, aago 6:30 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn àbúrò yín. Mo ń ta oògùn yìí ní Adó, mo sì ti rí ohun tí ó ń fà.

T4 ni levothyroxine tí ẹ ń lò yìí, T4 kì í sì tètè kúrò lára. Èyí tí ẹ lò lónìí, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn ọjọ́ méje. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo méjì, ẹ kò ní mọ nǹkan kan lọ́jọ́ kejì tàbí lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó sì rò pé ara yín gbà á. Ó ń gun ara wọn lórí ni. Nígbà tí yóò bá fi tó ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ọkàn á máa sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á sì dàwátì. Ìdí kan náà ni àwọn dókítà kì í fi í yẹ TSH wò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà: kò tíì fìdí kalẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ìyá ìyàwó mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kẹ́míìsì kan sọ fún wọn pé oògùn táírọ́ìdì máa ń gbọn ọ̀rá dànù, wọ́n sì ń fi mẹ́ta kún ọ̀kan tí dókítà kọ. Wọ́n rù lóòótọ́. A gbé wọn dé ọsibítù ní òru ọjọ́ kan tí ọkàn wọn ń lù ségesège, tí ẹnikẹ́ni kò lè ka ìlù ọwọ́ wọn. Ọmọ ọdún 67 ni wọ́n nígbà náà. Ohun tí wọ́n pàdánù, ẹran ara wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá nìkan, nítorí títí di òní wọn kò lè dìde lórí àpótí ìdáná láìdi nǹkan mú. Bí àpọ̀jù náà bá pẹ́, ó tún ń jẹ egungun, pàápàá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sínú àpótí onílà lára ìwé oògùn yìí pé a kò gbọ́dọ̀ lò ó láti fi dín sísanra kù.

Ìbéèrè kan: báwo ni ẹ ṣe ń lò ó?

Olùkọ́_Ìkéré (aago 6:48 àárọ̀)

Aago mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú tíì oníwàrà àti búrẹ́dì. Mo máa ń lo ògùn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, nítorí nǹkan oṣù mi ń pọ̀ jù nígbà tí àìsàn náà wà, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Mo bẹ Ọlọ́run pé n kò ṣe àṣìṣe.

Apòògùn_Ajílosùn (aago 7:05 àárọ̀)

Ẹ ṣe díẹ̀. Irin tó wà nínú ògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń so mọ́ levothyroxine nínú ikùn, ara kò sì ní gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kálísíọ̀mù. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí àárín wọn. Ẹ lo ti táírọ́ìdì ní kété tí ẹ bá jí, pẹ̀lú omi lásán, kí ẹ sì jẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kọjá kí tíì tó wọlé. Ògùn ẹ̀jẹ̀ lè di ti ọ̀sán. Ẹni tí àárọ̀ kò bá rọ̀ lọ́rùn lè lò ó lálẹ́, bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ẹ sì sọ fún dókítà yín pé ẹ ti yí bí ẹ ṣe ń lò ó padà, nítorí 100 tí ẹ ń lò láti ọjọ́ yìí, a kò mọ ìwọ̀n tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ yín nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń wọlé, TSH yín á tún wálẹ̀ sí i.

Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa.

Ìyá_Ìbejì_Ìlawẹ̀ (aago 11:10 àárọ̀)

Ẹ káàsán o. Tèmi wá lẹ́yìn ìbímọ. Nígbà tí àwọn ìbejì pé oṣù mẹ́ta, mo rù lójijì, ọkàn mi ń sáré. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ó yí padà, mo wú, irun mi ń já, gbogbo ènìyàn ní àìsùn àwọn ọmọ ni. Mo lo oògùn fún nǹkan bí ọdún kan, dókítà dá a dúró, TSH mi kò sì gòkè mọ́ títí di òní. Ṣé Tíṣà náà lè dá a dúró tó bá yá? Kí ló tilẹ̀ ń fà á?

Nọ́ọ̀sì_Ìdó (aago 1:35 ọ̀sán)

Ti ẹ̀yin, àwọn tí wọ́n bá bímọ láàárín ọdún kan ló sábà máa ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí ó lè padà wá. Ti Tíṣà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń gbógun ti ẹṣẹ́ náà. Dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1912 láti ara ẹṣẹ́ obìnrin mẹ́rin, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà di òní. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè fi í hàn. Bí ó bá jẹ́ òun ni, oògùn ojoojúmọ́ ni, kò sì burú: kì í ṣe àjèjì oògùn, ohun tí ọrùn yẹ kí ó pèsè ni a ń dá padà. Ní ọdún 1891, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, George Murray, gún obìnrin kan ní abẹ́rẹ́ omi tí ó yọ láti ara ẹṣẹ́ táírọ́ìdì àgùntàn; obìnrin náà lo nǹkan bí ọdún 28 sí i láyé.

Ara_Fẹ́rẹ́ (aago 3:02 ọ̀sán)

Gbogbo oògùn òyìnbó yìí kò pọn dandan. Mo ní tíì ewé inú òkun tó kún fún áyódíìnì, ó ń jí táírọ́ìdì, ó sì ń fọ ikùn mọ́ láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó kàn sí mi.

Apòògùn_Ajílosùn (aago 3:20 ọ̀sán)

Àgbàlagbà nílò áyódíìnì máíkírógíráàmù 150 lóòjọ́, iyọ̀ ọbẹ̀ sì ń pèsè èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ewé òkun lè ní ìlọ́po-ìlọ́po rẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù fún ẹni tí ó ní àìsàn Hashimoto, ṣe ni yóò tún rọ ẹṣẹ́ náà sí i. Àwọn ọjà amúnirù kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti rí họ́mọ́ònù táírọ́ìdì nínú wọn láìkọ ọ́ sára ìgò. Kí alábòójútó jọ̀wọ́ yọ ìpolówó yẹn kúrò.

Bàbá_Ìkọ̀lé (aago 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti là mí lójú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀ áyódíìnì. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀gẹ́ ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Gàrí ni olùkọ́ ń mu ní ọ̀sán, mo mọ̀ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó (aago 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Màmá kò purọ́, Bàbá. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ara sì ń sọ ọ́ di èròjà kan tó máa ń dí ọ̀nà tí áyódíìnì fi ń wọ inú táírọ́ìdì. Ní ibi tí áyódíìnì bá ti ṣọ̀wọ́n, bí ilẹ̀ òkè tó jìnnà sí òkun, ẹṣẹ́ náà á máa wú kí ó lè rí ìwọ̀nba tó wà mú. Ṣùgbọ́n rírẹ, fífún àti yíyan gàrí ń lé èyí tó pọ̀ nínú májèlé náà lọ, láti ọdún 1993 sì ni Nàìjíríà ti fi dandan lé e pé kí áyódíìnì wà nínú iyọ̀. Ẹni tó ń jẹ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, gàrí tó kan dáadáa kò ní ṣe táírọ́ìdì rẹ̀ ní nǹkan. Ẹ kàn máa dé ike iyọ̀ yín; bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin bá ń wọ̀ ọ́, áyódíìnì á máa fò lọ.

Ọmọ_Ìjerò (aago 8:50 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ìṣirò ni mo mú wá. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́rin tó jẹ́ omi sílẹ̀, kí a mú méje tó kù. Kílò ọ̀rá ara kan jẹ́ bíi 7,700 kálórì. Méje jẹ́ 53,900. Ẹ pín in sí ọjọ́ 730 tó wà nínú ọdún méjì: kálórì 74 lóòjọ́ ni. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo pupa jẹ́ bíi 120. Nítorí náà, ohun tó kó kílò méje jọ sí Tíṣà lára kò tó ṣíbí epo kan lóòjọ́. Kò sí ẹni tí yóò rí i nínú àwo. Nígbà tí Tíṣà sọ pé oúnjẹ wọn kò pọ̀ sí i, òótọ́ ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n náà kò purọ́.

Bàbá, iyán wá di ẹlẹ́rìí tí a kò lè dá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín léèrè, Ẹ̀gbọ́n, ni pé kí ara yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, báwo ni ẹ ṣe ń dé ilé ẹ̀kọ́?

Olùkọ́_Ìkéré (aago 9:12 alẹ́)

Ẹ mú mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Láti ilé mi dé ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sì wà lọ́nà tí a ń wo òkè Olósùnta láti ibẹ̀. Bí nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà lọ àti bọ̀, nítorí bí mo bá dé òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, àyà mi á máa já, itan mi á wúwo bí ẹni ru ẹrù. Bí mo bá tún dé ilé, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ọmọ mi obìnrin ló ń gún iyán, ó ń pọn omi, ó ń gbálẹ̀, gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe.

Ara mi ti yá láti oṣù kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà náà ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní aago méje. Mi ò tilẹ̀ rò ó.

Ọmọ_Ìjerò (aago 9:30 alẹ́)

Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú lóòjọ́ lè ná ẹni tó wúwo tó yín ní kálórì tó ju 100 lọ. Ẹ rí 74 yẹn báyìí. Táírọ́ìdì náà ló gbé yín sórí ọ̀kadà, ẹ ò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n levothyroxine kò mọ bí a ṣe ń sọ fún ọlọ́kadà pé kí ó má wá mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó (aago 9:41 alẹ́)

Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn, n ó jí i lò ní wọ́ọ̀dù. Tíṣà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlọ nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ gun ọ̀kadà bọ̀. Bí àyà bá dùn yín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà, ẹ má fi agbára rìn ín. Táírọ́ìdì tó rọ máa ń mú kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ ìyẹn náà wò nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ fún TSH.

Olùkọ́_Ìkéré (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n mú àbọ̀ wá fún ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo ń lo oògùn báyìí, kí a tó gbàdúrà àárọ̀. Nígbà tí a bá fi ṣe àmín tí mo sì wẹ̀ tán, tíì ti di ẹ̀tọ́. Ògùn ẹ̀jẹ̀ di ti ọ̀sán. Bí Apòògùn ṣe sọ gan-an ló rí: TSH wálẹ̀ sí 1.4 láìfi nǹkan kan kún oògùn. Àbúrò mi ní Ìlọrin ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló ní kí n lo méjì, mo sì ti kọ ọ́ síbí kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń fi ẹsẹ̀ lọ, mo sì ti ń fi ẹsẹ̀ bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọlọ́kadà bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Òṣùwọ̀n ka 76.5. Kò pọ̀, mo mọ̀. Òrùka mi ti wọ ìka padà, ó tilẹ̀ ń yọ́ bọ́ bí mo bá ń fọ aṣọ, mo ti so òwú mọ́ ọn.

Bàbá_Ìkọ̀lé (aago 6:02 ìrọ̀lẹ́)

O ṣeun, ọmọ mi. Iyán wá ńkọ́?

Olùkọ́_Ìkéré (aago 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo ṣì ń jẹ ẹ́, Bàbá. Aago méje ni mo ń jẹ ẹ́ báyìí, èmi fúnra mi ni mo sì ń gún un.